Sọ́fítíwíà Ìṣirò Tí Kóòdù Rẹ̀ Wà ní Gbangba: Èwo Ló Ṣeé Fọkàn Tán?

Ẹ kó nọ́ńbà mẹ́rin péré, 1, 2, 3 àti 4, fún R, kí ẹ ní kó wá ibi tí ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ parí sí. 1.75 ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ kó nọ́ńbà kan náà fún SPSS, 1.25 ni yóò sọ. Kò sí èyí tó ṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sítátísíìkì ń gbà ṣe ìṣirò yìí pọ̀; R nìkan mọ mẹ́sàn-án, sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan sì ti yan èyí tó wù ú sílẹ̀ kí ẹni tó ń lò ó tó dé ibẹ̀. Bí nọ́ńbà mẹ́rin bá lè dá irú èyí sílẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ nígbà tí dátà bá jẹ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé, ti àwòrán ọpọlọ, tàbí ti ẹ̀jẹ́ẹ́nì inú ara ènìyàn.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, fún irú ìṣirò àkànṣe bẹ́ẹ̀, sọ́fítíwíà wo nínú àwọn tí kóòdù wọn wà ní gbangba ló yẹ ká gbára lé? Ìdáhùn àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ṣọ̀kan. Kí a tó tò ó, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pa pọ̀. Sọ́fítíwíà lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kó má ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: FSL, tí wọ́n ṣe ní Oxford fún àwòrán ọpọlọ, ọ̀fẹ́ ni fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tó lówó lórí. Ó sì lè ṣí sílẹ̀ kó máà fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: gbogbo ènìyàn ló lè ka kóòdù SPM ti London, ṣùgbọ́n orí MATLAB, tí wọ́n ń tà, ni wọ́n kọ ọ́ lé. Nílé wa níbí, kì í ṣe ohun tuntun pé ọ̀pọ̀ SPSS tó wà lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àṣẹ kankan lẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá.

Àwọn tó ní R ti kárí

Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ R ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èdè S tí John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ní Bell Labs láti 1976 ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 Oṣù Kejì, ọdún 2000. CRAN ló sọ R di ńlá, ìyẹn ibi ìkóǹkanpamọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi páákéèjì tó kọ sí bó bá ti yege àyẹ̀wò wọn. Páákéèjì tó wà níbẹ̀ ti lé ní 20,000.

Ẹjọ́ tí àwọn olólùfẹ́ R máa ń rò lágbára: àwọn tó dá ìlànà ìṣirò sílẹ̀ gan-an ló sábà ń kọ páákéèjì rẹ̀. Terry Therneau ti Mayo Clinic ló kọ survival fún ìṣirò bí aláìsàn ṣe pẹ́ láyé tó. Simon Wood ló kọ mgcv fún ìbátan tí kì í lọ ní ìlà tààrà, Wolfgang Viechtbauer kọ metafor fún àkópọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ kan, Yves Rosseel sì kọ lavaan fún ohun tí a kò lè wọ̀n tààrà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè ka ìwé tí òǹkọ̀wé náà kọ, kó sì ka kóòdù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Survey, tí Thomas Lumley kọ, tó sì ti wà láti 2003, ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, nítorí ó kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ mú ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn ti 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS. Kì í ṣe pé wọ́n kàn dá obìnrin 41,821 dúró lójú pópó. Wọ́n kọ́kọ́ pín ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá sí ìgboro àti ìgbèríko, ìyẹn fún wọn ní ìsọ̀rí 74. Wọ́n wá mú àdúgbò ìkànìyàn 1,400 láti inú àwọn ìsọ̀rí yìí, kí wọ́n tó yan ilé láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ tí èrò pọ̀ sí lè dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju ẹni tó wá láti ìpínlẹ̀ tí èrò kò pọ̀ sí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé àdúgbò kan náà máa ń jọra: omi kan náà ni wọ́n ń mu, ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ. Ẹni tó bá ṣírò wọn bí ẹni pé olúkúlùkù dá wá ni, iye tí yóò rí lè má tọ̀nà, ìdánilójú tí yóò ní lórí iye náà yóò sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ohun mẹ́ta ni survey ń bèèrè kó tó ṣe iṣẹ́ kankan: àdúgbò, ìsọ̀rí àti ìwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú fáìlì NDHS, v021 ni àdúgbò, v005 sì ni ìwọ̀n obìnrin. Wọ́n kọ v005 láìsí àmì dẹ́símà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi 1,000,000 pín in kó tó bọ́ sípò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lè gé apá tí ẹ fẹ́ wò jáde, bí àpẹẹrẹ àwọn obìnrin Ọ̀ṣun tí kò tíì pé ọdún 25. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́kọ́ gé dátà kí wọ́n tó ṣàlàyé ètò ìwádìí fún páákéèjì náà. Ẹ̀yìn ni ìyẹn kọ sí, nítorí páákéèjì kò ní mọ̀ mọ́ pé àwọn àdúgbò kan ti wà nínú ìsọ̀rí náà tẹ́lẹ̀. Bó bá wá ku àdúgbò kan ṣoṣo nínú ìsọ̀rí kan, survey yóò dúró, kò ní dáhùn àfi tí ẹ bá sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe sí i. Sí tèmi, kíkọ̀ tó ń kọ̀ yìí ni ẹ̀rí tó dára jù pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló kọ páákéèjì. Sọ́fítíwíà tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè láìjanpata ló yẹ ká máa bẹ̀rù.

Àléébù R kò fara sin. Nínú páákéèjì 20,000, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ohun kan náà, àyẹ̀wò CRAN kò sì wo bóyá ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tó ń wò ni bóyá páákéèjì ń ṣiṣẹ́ láìdá gìràgìrà sílẹ̀. Èyí tó tún le jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n yọ rgdal, rgeos àti maptools kúrò lórí CRAN nítorí pé Roger Bivand, ẹni tó ń tọ́jú wọn, ń fẹ̀yìn tì. Ó ti kéde rẹ̀ tipẹ́, sf àti terra sì ti wà nílẹ̀ láti gba ipò wọn. Ìfẹ̀yìntì tó létò nìyẹn. Síbẹ̀, kóòdù àtijọ́ tó gbára lé àwọn mẹ́ta náà ń fẹ́ àtúnkọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe gbogbo páákéèjì ló ní ẹni tó máa dágbére kó tó lọ.

Àwọn tó gba ti Python

Àwọn yìí ní kí ló dé tí a ó fi kọ́ èdè kan fún ìṣirò, ká tún kọ́ òmíràn fún iṣẹ́ yòókù? Pẹ̀lú Python, èdè kan ṣoṣo ló ń gba dátà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń tò ó pẹ̀lú pandas, tó ń ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú statsmodels, tó sì ń gbé èsì rẹ̀ sórí fóònù àwọn ènìyàn. Fún àwòrán, fún ọ̀rọ̀ kíkọ àti fún kíkọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọn ti wá, ó sì hàn. LogisticRegression inú scikit-learn máa ń fún iye tó bá rí súnkì díẹ̀, àyàfi tí ẹ bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá bí yóò ṣe sọ ohun tó ń bọ̀ yóò jèrè ìyẹn. Ẹni tó ń wá bí oògùn ṣe ṣiṣẹ́ sí lára aláìsàn yóò gbé iye tó ti súnkì jáde láìmọ̀. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ gbóná ní 2019, ẹnu kò sì kò. Fún ìwádìí bíi NDHS, samplics wà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ survey. Julia náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì yára: Douglas Bates tó wà lára àwọn tó kọ lme4 fún R, páákéèjì fún dátà tó pín sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, ti gbé irú iṣẹ́ yẹn lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń lò ó kò tíì pọ̀ tó láti gba ẹni tó bá há sọ́nà sílẹ̀.

Àwọn ọmọ Bayes

Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Bayes kì í kọ́kọ́ béèrè èdè kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí o kọ ìtàn bí dátà rẹ ṣe wáyé sílẹ̀, àti ohun tó o ti mọ̀ kó o tó rí i, kí ẹ̀rọ wá wá ìdáhùn tó bá ìtàn náà mu. BUGS ló ṣí ọ̀nà yìí fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ka ìṣirò ìlera Medical Research Council ní Cambridge ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989. JAGS ti Martyn Plummer tẹ̀ lé e. Stan dé ní 2012 láti ọwọ́ Andrew Gelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Stanislaw Ulam.

Láàárín wọn náà, àríyànjiyàn wà. Stan máa ń pariwo bí ìrìn rẹ̀ nínú ìṣirò kò bá dán mọ́rán, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ èsì tí kò ní láárí. Àmọ́ kò lè gba ohun àìmọ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà odidi tààrà, bí iye ẹranko tó fara pamọ́ nínú igbó. JAGS ń gbà á láìjanpata. INLA, tí Håvard Rue, Sara Martino àti Nicolas Chopin gbé jáde ní 2009, gba ọ̀nà mìíràn: kàkà kó máa rìn káàkiri wá ìdáhùn, ó máa ń fi ìṣirò ìfojúdá tó súnmọ́ òótọ́ gidi dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tó lè gba Stan ní wákàtí púpọ̀ lè gba INLA ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń yàwòrán ibi tí àìsàn pọ̀ sí lórí ilẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni òmìnira. Ìtàn tí kò bá bá irú ìlànà tí INLA mọ̀ mu kò ní wọlé, ìfojúdá rẹ̀ náà sì lè yẹ̀ níbi tí dátà bá ti kéré jù.

Lápapọ̀, ọ̀nà yìí ló ń sọ òótọ́ jù nípa ohun tí a kò mọ̀, òun náà ló sì rọrùn jù láti ṣì lò. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé ìgbàgbọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó sáré gbé Stan.

Sọ́fítíwíà tó dúró fún ẹ̀ka kan ṣoṣo

Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ kan kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ́ẹ́nì kọ́ Bioconductor lórí R láti 2001. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbé e jáde, wọ́n sì ń dán àwọn páákéèjì rẹ̀ wò lemọ́lemọ́. DESeq2 àti edgeR ni ọba níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde nínú Genome Biology ní 2022 fi hàn pé bí àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò bá pọ̀ gan-an, àwọn méjèèjì lè máa pe ẹ̀jẹ́ẹ́nì tí kò yàtọ̀ ní èyí tó yàtọ̀, ju bí wọ́n ti ṣèlérí lọ.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ọpọlọ ló yẹ ká dúró lé lórí. SPM, FSL àti AFNI ni mẹ́ta tí ẹ̀ka náà gbára lé jù fún ìṣirò fMRI, èyí tó ń fi ibi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ hàn. Ní 2016, Anders Eklund, Thomas Nichols àti Hans Knutsson mú àwòrán ọpọlọ àwọn aláìlárùn 499 tí wọ́n kàn sinmi, tí wọn kò rán níṣẹ́ kankan. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì láìṣe àṣàyàn, wọ́n sì ní kí sọ́fítíwíà wá ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Àṣetúnṣe tí wọ́n ṣe tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Kò sí ìyàtọ̀ kankan tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìdá 5 nínú 100 ni ìlànà gbà láàyè fún àṣìṣe. Ní àwọn ètò kan, wọ́n rí i tó ìdá 70 nínú 100.

Ohun méjì ló fa èyí. Àkọ́kọ́, gbogbo wọn gbà pé bí ibì kan nínú ọpọlọ ṣe jọ ibòmíràn ń tẹ̀ lé àpẹẹrẹ kan tí ọpọlọ gidi kì í tẹ̀ lé. Èkejì, àṣìṣe kóòdù wà nínú irinṣẹ́ kan nínú AFNI, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún 15 kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2015. Àwọn òǹkọ̀wé náà kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan nǹkan bí ìwé 40,000, wọ́n sì padà tún ìyẹn kọ nígbà tó hàn pé iye náà pọ̀ jù.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà ka ìtàn yìí. Àwọn kan ní ó fi hàn pé kóòdù gbangba dára, nítorí bí dátà àti kóòdù kò bá sí lójúde, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Àwọn mìíràn ní kóòdù náà wà lójúde fún ọdún 15, kí ni àwọn tó ń lò ó ń wò? Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ìlẹ̀kùn tó ṣí kì í mú ẹnikẹ́ni wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka tí kò bá yan àwọn kan sípò láti máa ka kóòdù, tí kò sì sanwó fún wọn, kò tíì jèrè ohun tí kóòdù gbangba ṣèlérí.

Àwọn tó fẹ́ mẹ́nù

PSPP jọ SPSS tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì dé ìwọ̀n kan. jamovi àti JASP lẹ́wà lójú, JASP sì ń ṣe ìlànà Bayes láìjẹ́ pé ẹ kọ kóòdù kankan. Gretl ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fẹ́ràn. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, mi ò rí ìdí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí dátà bá ti díjú bíi NDHS, mẹ́nù máa ń tán kí ìbéèrè tó tán, títẹ bọ́tìnì kì í sì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé bí kóòdù ṣe ń fi sílẹ̀. jamovi ti gbìyànjú lórí èyí: ó lè fi kóòdù R tó wà lẹ́yìn bọ́tìnì hàn yín.

Àwọn tó ní èyí tí wọ́n ń tà ló láàbò jù

Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Bí SAS bá ṣìṣe, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè pè, ìwé ìtọ́ni rẹ̀ sì kún rẹ́rẹ́. Kékeré kọ́ ni ìyàtọ̀ tó lè wà: SAS yóò sọ 2.5 di 3, R yóò sọ ọ́ di 2, nítorí R máa ń fà á lọ sọ́dọ̀ nọ́ńbà tó ṣeé fi méjì pín. Ilé-iṣẹ́ oògùn tó ń fi àbájáde sọ́wọ́ ìjọba kò lè fojú fo èyí.

Síbẹ̀, owó kò ra àìṣìṣe. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins rí i pé S-PLUS, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń tà, máa ń dá ìṣirò kan dúró kó tó parí dáadáa nítorí ohun tó ti yàn sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá wọn lórí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ní ìlú 90 ní Amẹ́ríkà ló kàn: ikú tí wọ́n ní ó ń lé ní ìdá 0.41 nínú 100 fún ìwọ̀n ìdọ̀tí kan wá di 0.27. Àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà náà ti sọ ọ́ ní gbangba ní 2015 pé àwọn kò pọn sọ́fítíwíà kan dandan fún ẹnikẹ́ni, láti 2021 sì ni R Consortium ti ń fi àpẹẹrẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ oògùn tí wọ́n fi R ṣe ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Àkọ́kọ́ ni owó. Ìgbòkègbodò lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú páákéèjì fi ń ṣe é. Chan Zuckerberg Initiative bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé irú rẹ̀ lórí ní 2019, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ máa ń lópin, àtúnṣe kóòdù kì í lópin. Kò sẹ́ni tó tíì rí ètò tó lè gbé gbogbo wọn.

Èkejì ni àtúnṣe èsì. Nígbà tí R 3.6.0 jáde ní 2019, wọ́n tún ọ̀nà tí sample, irinṣẹ́ R tó ń mú nǹkan láìṣe àṣàyàn, ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe, nítorí ti àtijọ́ ní àṣìṣe díẹ̀. Láti ìgbà náà, kóòdù kan náà àti nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà lè fún yín ní èsì tó yàtọ̀ sí ti 2018. Ṣé àtúnṣe ló yẹ ká fẹ́ ni, àbí ìdúróṣinṣin? Àwọn tó ń kọ R yan àtúnṣe, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ láti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán níbòmíràn.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde nínú Nature ní 2020, ẹgbẹ́ olùwádìí 70 gba dátà ọpọlọ kan náà, wọ́n ní kí wọ́n dán ìbéèrè mẹ́sàn-án wò. Kò sí ẹgbẹ́ méjì tó gba ọ̀nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí ọ̀pọ̀ ìbéèrè náà sì ni ẹnu wọn kò ti kò. Níbi tí ó dé yìí, kò sí sọ́fítíwíà kankan, ti ọ̀fẹ́ tàbí ti owó, tó lè gba ènìyàn sílẹ̀, a kò sì tíì mọ irú òfin tó yẹ kó wà lórí yíyan ọ̀nà.

Fún ẹni tó ní dátà bíi NDHS lọ́wọ́ lónìí, survey lórí R ni mo fọwọ́ sí. Fún àwòrán àìsàn lórí ilẹ̀, INLA, kí ẹ sì fi Stan dán apá kan rẹ̀ wò. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba orí kẹrin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìsí fáìlì kóòdù lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ páákéèjì àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀.